Ibi tí èrò ayàwòrán-ilé ti ń wá: ìdáhùn sí ọmọbìnrin kan ní Kétu

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Kétu ní Benin. Ó ti gba BAC, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àṣeparí ilé ìwé girama, bàbá rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ di ayàwòrán-ilé. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó ń gbé ní Kútọnu ti sọ fún un pé kò sí ayàwòrán-ilé tó gbayì tí kò ní èrò ìpìlẹ̀ tirẹ̀, àti pé kí ó yáa ti yan ọ̀kan kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́: bóyá kọnkéré àti gíláàsì òde òní, tàbí amọ̀ àti ìṣe àwọn baba ńlá wa. Ó wá ń béèrè èyí tó yẹ kí òun yàn, ó ń béèrè ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà láti Kétu dé ìdí iṣẹ́ náà, ó sì ń bẹ̀rù pé gbogbo àkókò tí òun ti fi bá bàbá òun di okùn ìwọ̀n mú lójú iṣẹ́ ti ṣòfò, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òun ní ìlú ńlá ti mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa.

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí àwọn òbí rẹ. Àbúrò ìyá rẹ tọ̀nà lápá kan, nítorí ayàwòrán-ilé tí kò mọ ìdí tí òun fi fa ìlà síbi kan tí kò fi fà á síbòmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ṣíwájú. Nínú gbogbo àwọn tí iṣẹ́ wọn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, n kò mọ ẹnì kan tó yan èrò rẹ̀ bí ẹni ń yan aṣọ lọ́jà. Ohun tí mo rí ni pé èrò wọn ti ara ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ìdí iṣẹ́ jáde: iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, ooru tó mú wọn ní kékeré, owó tí kò tó, ọdún gígùn tí wọ́n fi dúró kí ẹnikẹ́ni tó gbé iṣẹ́ fún wọn. Nítorí náà n kò ní yan ọ̀kankan fún ọ nínú méjì tí wọ́n fi síwájú rẹ. Ọ̀nà tí àwọn kan gbà ni mo fẹ́ fi hàn ọ́, kí o lè rí i pé ìwọ ti wà lójú ọ̀nà tìrẹ láìmọ̀.

Ẹni tí a ó kọ́kọ́ wò ni Diébédo Francis Kéré, nítorí kò sí ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí kò tíì gbọ́ nípa ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun tí ó ya àwòrán rẹ̀ fún wa. Wọ́n bí i ní 1965 ní abúlé Gando, ní Bùrkínà Fasò, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ olórí. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ ní abúlé náà tí wọ́n fi sí ilé ìwé, kò sì sí ilé ìwé kankan ní Gando nígbà náà, ìyẹn ló jẹ́ kí ó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Kíláàsì tí wọ́n gbé e sí kún fọ́fọ́, ó ṣókùnkùn, ó sì gbóná. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ káfíńtà ni ó kọ́, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ káfíńtà yìí kan náà ló sì gbé e dé Berlin ní Jámánì ní 1985. Ibẹ̀ ló ti parí ẹ̀kọ́ girama kí ó tó wọ yunifásítì láti kọ́ nípa ilé yíyà. Ọdún 2004 ló gba ìwé ẹ̀rí, nígbà tó ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ilé ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí, ìyẹn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Gando, ti parí ní 2001, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú owó tó ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ojúlùmọ̀ ní Jámánì. Ní 2022 ó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù nínú iṣẹ́ wa, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Wo ilé ìwé náà fínnífínní, nítorí gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra ni ògiri, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú irú bíríkì bẹ́ẹ̀, ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni sìmẹ́ǹtì sábà máa ń jẹ́, yàtọ̀ sí búlọ́ọ̀kù tí bàbá rẹ ń mọ. Lókè ògiri, àjà bíríkì wà tí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ nínú rẹ̀. Páànù kò jókòó lé àjà náà. Wọ́n fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so pọ̀ gbé e sókè kúrò lára rẹ̀, ó sì nà jáde kọjá ògiri ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìwọ náà mọ bí iyàrá ṣe ń rí lábẹ́ páànù ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà: páànù gba oòrùn, ó sì ń da ooru náà sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bí a bá gbé e sókè, atẹ́gùn á máa gba àárín páànù àti àjà kọjá, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú kíláàsì á gba àlàfo àjà gòkè lọ, afẹ́fẹ́ tútù díẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé láti dípò rẹ̀. Etí páànù tó nà jáde ń bo ògiri amọ̀ lọ́wọ́ òjò. Kò sí iná mànàmáná nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọdé ló ṣa òkúta ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi, wọ́n sì lu ilẹ̀ títí ó fi dán.

Ọmọ tó jìyà ooru nínú kíláàsì ló ronú nípa afẹ́fẹ́. Káfíńtà ló mọ bí a ṣe ń gbé òrùlé sókè láìná owó púpọ̀. Ẹni tó tọrọ owó kọ́lé ló wá ohun èlò sí abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ará abúlé pàápàá kò fara mọ́ amọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ti rí bí òjò ṣe ń fọ ilé alámọ̀ lọ lọ́dọọdún, ó sì ní láti ṣàlàyé fún wọn, kí ó sì fi hàn wọ́n. Mo fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn, nítorí ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ dábàá amọ̀ fún oníilé kan ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, ohun tí yóò bi ọ́ ni bóyá o rò pé tálákà ni òun.

Wàyí o, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Àjàṣẹ́, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2021, kì í ṣe ilé amọ̀. Kọnkéré ni. Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń ráhùn pé ọkùnrin náà ti fi èrò ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ ńlá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwòrán náà ti ara igi ìpàdé wá, igi ńlá tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ ìlú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: gbọ̀ngàn ìjókòó wà nísàlẹ̀, àwọn ọ́fíìsì wà lókè níbi tí ilé ti fẹ̀ bí ẹ̀ka igi, àárín ilé ṣófo kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé, ọgbà tí gbogbo ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀ sì yí i ká. Ìbòòji, afẹ́fẹ́, ibi ìpéjọpọ̀: ohun kan náà tí ó ń wá ní Gando ni. Ohun èlò ló yí padà. Ibí yìí gan-an ni ìmọ̀ràn àbúrò ìyá rẹ ti ṣìnà, torí pé ó pe ohun èlò ní èrò ìpìlẹ̀. Amọ̀ kì í ṣe èrò, kọnkéré náà kì í ṣe èrò. Ìbéèrè tí ayàwòrán-ilé kan ń bi ilé kọ̀ọ̀kan tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, láti ọdún dé ọdún, ni mò ń pè ní èrò ìpìlẹ̀.

Ẹnìkejì tí mo fẹ́ kí o mọ̀ wà nítòsí wa ju Berlin lọ. Demas Nwoko, tí wọ́n bí ní 1935 ní Idumuje-Ugboko ní Nàìjíríà, kò kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán-ilé nílé ẹ̀kọ́ rárá. Ayàwòrán àti agbẹ́gilére ni; ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, ó lọ sí Paris láti kọ́ nípa ṣíṣe ètò orí ìtàgé, ó sì padà wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn àlùfáà Dominican ló gbé iṣẹ́ ilé ìjọsìn wọn ní Ìbàdàn fún un, ó sì kọ́ ọ. Ó pa ilẹ̀ pupa àti sìmẹ́ǹtì pọ̀ ṣe bíríkì tirẹ̀, ó sì mú àgbàlá tí òrùlé rẹ̀ ń da omi òjò sí àárín, irú èyí tó wà ní agbo ilé àtijọ́ ní Kétu, wọ inú ilé òde òní. Ẹni tó bá wọ ilé ìjọsìn náà yóò rí i pé ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ sọ ìtàn lórí ìtàgé ló kọ́ ọ. Ní 2023, nígbà tó ti di arúgbó, àwọn ará Venice ní Ítálì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Mi ò sọ èyí kí o má baà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Òfin ti le sí i láti ìgbà tirẹ̀, mo sì máa dé orí ìyẹn.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé o ń bẹ̀rù pé ó ti pẹ́ jù. Geoffrey Bawa ti Sri Lanka, agbẹjọ́rò ni tẹ́lẹ̀. Ó ra ilẹ̀ kan ní 1948 láti fi ṣe ọgbà, ó rí i pé òun kò mọ̀ tó láti ṣe ohun tó wà lọ́kàn òun, ó sì padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹni ọdún 38 ni nígbà tó di ayàwòrán-ilé ní 1957. Òun náà ló padà kọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè rẹ̀, tó parí ní 1982. Zaha Hadid ní tirẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Beirut kí ó tó kọ́ ilé yíyà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní nǹkan bí 1980, ó borí nínú ìdíje ńlá kan fún Hong Kong ní 1983, wọn kò sì kọ́ ilé náà. Ọdún 1993 ni ilé rẹ̀ ńlá àkọ́kọ́ tó dúró lórí ilẹ̀, ibùdó àwọn panápaná kan ní Weil am Rhein ní Jámánì. Ó fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn yàwòrán, ó ń díje, ó sì ń kọ́ni. Ní 2004 ni ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker. Ilé rẹ̀ kò sí lára èyí tí mo fẹ́ràn jù, mo gbọ́dọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo àwọn àwòrán ọdún tí kò rí iṣẹ́ wọ̀nyẹn yóò rí i pé ìdúró náà wà lára ohun tó mọ èrò rẹ̀. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ fojú fò ni pé iṣẹ́ olùkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ní Benin, níbi tí ìdíje kò ti pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ dúró bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí oúnjẹ ti ń wá.

Mo fẹ́ mú ọ wá sí Àjàṣẹ́ báyìí. Bí o bá dé ibí, lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá wa, tí ẹni tí kò mọ̀ máa ń rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti àwọn ọmọ wọn tó padà sí etíkun wa, ni wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ ní Bahia bọ̀. Ìrísí ilé ìjọsìn tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ìrísí náà ni wọ́n sì fi kọ́ ilé Ọlọ́run fún àwọn Mùsùlùmí. Irú rẹ̀ wà ní Èkó pẹ̀lú, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó parí ní 1894, tí João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, jẹ́ ọ̀gá ọ̀mọlé rẹ̀. Kò sí nínú wọn tó jókòó ṣe àríyànjiyàn lórí ohun tó jẹ́ ìbílẹ̀ àti ohun tó jẹ́ ìgbàlódé.

Àwọn ilé Àgùdà ní àdúgbò wa ń wó lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà fún ìran rẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ nílé ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú wọn, ilẹ̀ pupa ni ògiri wọn lábẹ́ rírẹ́ tó lẹ́wà yẹn. Bí rírẹ́ náà bá ti ń ṣí, àwọn ọmọ onílé á pe bíríkìlà, bíríkìlà á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, gbogbo ènìyàn á sì yọ̀. Ṣùgbọ́n omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀, tó máa ń gba ojú ògiri gbẹ tẹ́lẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó há sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, amọ̀ á máa rọ̀ níbi tí ojú kò tó, títí ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi já bọ́. Ẹfun tí wọ́n sun níná, tí àwọn Faransé ń pè ní chaux, ló jẹ́ kí irú ògiri bẹ́ẹ̀ mí. Láti 1998 ni École du Patrimoine Africain ti wà ní Àjàṣẹ́ níbí, tó ń kọ́ àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ Áfíríkà nípa ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé; máa béèrè lọ́dọ̀ wọn ìgbà tí wọ́n bá ní ìpàdé tàbí ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀dọ́ lè wọlé sí.

Má sì ṣe rò pé iṣẹ́ àtúnṣe kò lè sọ ènìyàn di ẹni ńlá. Jean-Philippe Vassal, ayàwòrán-ilé kan, lẹ́yìn tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, lọ ṣiṣẹ́ ètò ìlú ní Niger ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Anne Lacaton, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà, máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì kọ́ ahéré koríko kan ní Niamey, tí afẹ́fẹ́ gbé lọ kí ó tó pé ọdún méjì. Wọ́n ní ilẹ̀ yẹn ló kọ́ àwọn bí ènìyàn ṣe ń fi ohun díẹ̀ ṣe ohun púpọ̀. Ní 1996, ìjọba ìlú Bordeaux ní kí wọ́n tún gbàgede kékeré kan ṣe kí ó lè lẹ́wà. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀, wọ́n sì padà wá sọ fún ìjọba pé ó lẹ́wà bó ṣe wà: kí wọ́n máa tọ́jú àwọn igi, kí wọ́n pààrọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ilẹ̀, ó parí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ẹni tí kì í wó ilé tó ṣeé túnṣe. Ẹ̀bùn Pritzker 2021, tiwọn ni.

Ní Niger yìí kan náà ni Mariam Issoufou ti ṣe ohun tó jọ ọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi dáhùn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń dà ọ́ láàmú, nítorí iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Amẹ́ríkà kí ó tó padà sí ilé ẹ̀kọ́ láti kọ́ nípa ilé yíyà. Nígbà tí àwọn ará abúlé Dandaji fẹ́ mọ́ṣáláṣí tuntun, òun àti Yasaman Esmaili kò jẹ́ kí wọ́n wó ti àtijọ́. Wọ́n sọ ọ́ di ilé ìkàwé, wọ́n kọ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì parí ní 2018. Wọ́n pe àwọn ọ̀mọlé tó mọ mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ wá sí ibi iṣẹ́. Wàá rí i pé ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà jù nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ ló lọ jókòó ti àwọn tó mọ amọ̀. Kọ̀ǹpútà ṣeé kọ́. AutoCAD tàbí ArchiCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé, oṣù díẹ̀ ló ń gba ẹni tó bá fara sí i. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ènìyàn mọ ìwúwo bíríkì, kí etí rẹ̀ mọ ìró búlọ́ọ̀kù tí iyanrìn rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìyẹn kò sí nínú ẹ̀rọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìwọ ti ní àkísà díẹ̀.

Nípa bàbá rẹ náà ni mo fẹ́ kí o ronú lórí ohun kan tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ní ìlú wa, ènìyàn kì í kọ́lé lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ra ilẹ̀, ó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ó ń dúró. Ó ń kọ́ yàrá méjì, ó ń kó wọ inú rẹ̀, ó ń dúró. Ó sì ń fi ọ̀pá irin sílẹ̀ lórí òrùlé pé lọ́jọ́ kan òun yóò gbé e di alájà kan. Òjò ń pa irin náà, ó ń dógùn-ún, nígbà tí owó bá sì dé, kò ṣeé gbára lé mọ́. Ayàwòrán-ilé tó bá yà pílánù tó lẹ́wà kìkì lọ́jọ́ tó bá parí pátápátá kò ya nǹkan kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní Chile, ayàwòrán-ilé Alejandro Aravena rí ohun kan náà. Ní 2004, ní Iquique, ìjọba ní dọ́là 7,500 nìkan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, àwọn ìdílé náà sì súnmọ́ ọgọ́rùn-ún. Dípò kí ó kọ́ ilé kékeré tó parí, ó kọ́ ìdajì ilé tó dára, ìdajì tó ṣòro fún ènìyàn láti dá ṣe: òpó àti ògiri tó gbé ilé dúró, ilé ìdáná, balùwẹ̀, àtẹ̀gùn. Ó fi àyè ìdajì yòókù sílẹ̀ kí àwọn onílé fúnra wọn lè kún un bí owó bá ṣe ń wọlé. Bàbá rẹ mọ ọ̀ràn yìí ju mí lọ, ó sì mọ̀ ọ́n ju púpọ̀ nínú àwọn tí yóò kọ́ ọ lọ. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìpele tí àwọn oníilé rẹ̀ sábà máa ń dúró sí, àti ohun tó máa ń bàjẹ́ kí wọ́n tó padà. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè tó ènìyàn ṣe títí ayé.

Bí ó bá jẹ́ pé àga, àtùpà tàbí ohun èlò ilé ni ọkàn rẹ padà fà sí, kì í ṣe ìyapa. Dieter Rams ní Jámánì, ọmọ ọmọ káfíńtà, ilé yíyà ló kọ́ kí ó tó wọ iléeṣẹ́ Braun ní 1955, rédíò àti ẹ̀rọ tí ń lu àwo orin ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn agbẹ́gi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìlú tìrẹ níbẹ̀ náà mọ ìdí tí igi tó wúwo kò fi lè di ohun tí ènìyàn yóò máa gbé sórí jó.

Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ nìyí. Benin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rán ọmọ lọ sí EAMAU, ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé àti ètò ìlú tí àwọn ìjọba Áfíríkà tó ń sọ èdè Faransé dá sílẹ̀ papọ̀ ní Lomé ní 1975. Ìdánwò ìwọlé ni, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe é ló ń wọlé. Ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì ni kí o kọ́kọ́ gbára dì fún, kí ìwé àwòrán ọwọ́ rẹ sì tẹ̀ lé e. Nínú ètò tí a ń lò, ọdún mẹ́ta ni licence, ọdún méjì ni master. Lẹ́yìn ìyẹn, o máa lo àkókò lábẹ́ ọ̀gá kan, o máa sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ordre, ìyẹn ẹgbẹ́ tí òfin fún láṣẹ lórí iṣẹ́ náà, kí o tó lè bu ọwọ́ lu pílánù ní orúkọ ara rẹ. Nwoko kò ní èyí láti là kọjá. Ìwọ ní in. Kétu súnmọ́ ẹnu ibodè, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹbí rẹ yóò sọ pé kí o kúkú lọ sí Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe, àwọn yunifásítì wọn dára, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, bí o bá sì fẹ́ padà wá ṣiṣẹ́ ní Benin, wàá tún ní láti jẹ́ kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí rẹ wọlé. Bí Lomé bá ṣeé ṣe, Lomé ni èmi yóò yàn.

Má retí pé yíyà ni wàá máa ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́. Lẹ́tà sí oníilé, devis (ìṣirò iye tí iṣẹ́ yóò ná oníilé), ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀rì, àríyànjiyàn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe lórí irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tí a kọ sílẹ̀: ìyẹn ló ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó ti dàgbà lójú iṣẹ́ kì í jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu tàn án níbẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin tí wọ́n rò pé kò mọ nǹkan kan.

Ní báyìí tí ìdánwò kò tíì dé, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣe. Wá agbo ilé àtijọ́ kan ní Kétu tí àgbàlá rẹ̀ ṣì wà, tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀, kí o sì fi okùn ìwọ̀n bàbá rẹ wọn ọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. Fi ọwọ́ yà á sórí bébà ní ìwọ̀n 1/50 (sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà dípò àádọ́ta lórí ilẹ̀), ìdúró rẹ̀ lórí ilẹ̀ àti bí yóò ṣe rí bí a bá là á sí méjì. Kọ ibi tí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé. Ní Kétu, ọ̀sán kì í ṣe ìṣòro ògiri, torí pé oòrùn ń gba orí òrùlé kọjá. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ló ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ìdí sì nìyí tí ó fi dára kí ògiri tó kúrú kọjú síbẹ̀, kí àwọn tó gùn sì kọjú sí àríwá àti gúúsù. Wo bóyá àwọn tó kọ́ agbo ilé náà tẹ̀ lé e, bí wọn kò bá sì tẹ̀ lé e, wá ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀nà, ó lè jẹ́ ìran, ó lè jẹ́ òjò tí afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ń gbé bọ̀. Bí o bá yà á tán, fi ránṣẹ́ sí mi. Má gbàgbé láti kọ bí ògiri ṣe nípọn tó àti ibi tí omi òjò ń gbà jáde kúrò ní àgbàlá, torí pé ohun méjèèjì yẹn ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ilé kì í rántí.